Mi Ò Gba Ìbánikẹ́dùn

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kìíní

Wọ́n ti fún mi ní ipa mi nínú eré ọdún yìí. Apààyàn Kẹta. Lọ́dún tó kọjá, èmi ni Apààyàn Kejì, nítorí náà ẹ̀yìn ni mò ń rìn sí. Láti ọjọ́ tí mo ti dé Káírò tí mo ní eré ṣíṣe ni mo fẹ́ fi jẹun, ipa mẹ́ta péré ni wọ́n mọ̀ tó yẹ ará Òkè, àwa tá a wá láti apá gúúsù Íjíbítì: ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé olówó, ẹni tí kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, àti ẹni tó ń fi ìbọn lé ọmọ aráyé kiri inú oko ìrèké nítorí wọ́n pa bàbá ẹ̀. Bàbá tèmi, atukọ̀ ni. Láàárọ̀, á kó àwọn ará abúlé wa kọjá odò Náílì. Nírọ̀lẹ́, á kó wọn padà. Orí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ ló kú sí. Kò sẹ́ni tó máa fi ìyẹn ṣe eré.

Ààwẹ̀ ò ní pẹ́ wọlé, ọjọ́ kìn-ín-ní ààwẹ̀ ni eré sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ustaz Hatem, olùdarí wa, ní kò sí ìsinmi, kò sí àìsàn, kò sí ìkómọ.

Ọjọ́ kejìdínlógún

Mo ti rí abúlé tí wọ́n kọ́ fún wa lẹ́yìn Gíísà. Pákó ni, wọ́n wá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ojú ẹ̀ kó lè jọ ilé alámọ̀. Kò ní ilé ìwé, kò ní ilé oògùn. Sàréè ló ní, sàréè náà sì tóbi ju abúlé lọ. Mo bi Ustaz Hatem ibi tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń ra búrẹ́dì.

"Shazli," ó ní, "ta ló fẹ́ wo ará Òkè tó ń ra búrẹ́dì?"

Igbákejì ẹ̀ ń jẹ́ Tamim. Á tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó sì ga bí òpó. Òun ló ń gba fóònù wa láàárọ̀ kó má baà sí ẹni tó máa ya fọ́tò eré síta. Inú agolo bísíkíìtì ló ń kó wọn sí, kò sì lè gba fóònù ará Òkè kankan láìsọ ẹ̀fẹ̀. Tòní: "Kí ló dé tí ará Òkè fi gbé àkàbà lọ sọ́jà? Wọ́n ní owó ọjà ti lọ sókè." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ń wá iṣẹ́ kì í fajú ro.

Ọjọ́ kejìlélógún

Òtútù. Àkàrà inú búrẹ́dì ti tún gbówó lórí, ó sì ti tún kéré sí i.

Màdáámù Inaam, tó ń bójú tó aṣọ eré, ti Mẹ́kà dé. Ó bá mi mú aṣọ ìsìnkú Ìyá bọ̀, tí wọ́n ti fi omi mímọ́ Samusamu fọ̀. Ó ti pẹ́ tí Ìyá ti ń bẹ̀ mí! Àwọn àgbà abúlé wa ò bẹ̀rù ikú bí wọ́n ṣe bẹ̀rù kí wọ́n fi aṣọ ṣọ́ọ̀bù sin wọ́n. Mo sọ bí Ìyá ṣe ga tó fún Inaam, ó gé e sí ìwọ̀n wọn.

"Ìyá yín mà kúrú o, Shazli."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n bínú sí yín ná," mo ní. "Òkè lẹ máa gbójú sí."

Mo pe Ìyá nírọ̀lẹ́. Wọ́n ní kí n mú un wá kíákíá. Mo ní, "Ìyá, tí ààwẹ̀ bá parí. Ikú kì í ṣe ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń sáré bá." Wọ́n ní, "Ta ló sọ fún ẹ?"

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Ìran ìbánikẹ́dùn la yà lónìí. Wọ́n ti pa ẹ̀gbọ́n Sarwat nínú eré. Sarwat ni ọ̀gá òṣèré wa, ará Alẹkisáńdíríà ni, kò rí ìrèké rí àfi nínú ife. Àwọn èèyàn wá kí i, wọ́n gbé kọfí kíkorò jáde, ó ta abọ́ kọfí nù, ó kígbe: "Ilé yìí ò gba ìbánikẹ́dùn!"

Òótọ́ ni pé àwọn ìdílé kan máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Tí wọ́n bá pa ẹni wọn, wọn ò ní gba ìbánikẹ́dùn títí ẹni tó ṣe é yóò fi san án. Ṣùgbọ́n wọn kì í pariwo ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ̀san, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló ń sọ ọ́, á sì dákẹ́. Mo sọ fún Tamim bẹ́ẹ̀.

"Apààyàn Kẹta," ó ní, "o ò lọ́rọ̀ kankan nínú ìran yìí. Lọ dúró síbi ògiri."

Mo lọ dúró síbi ògiri.

Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kejì. Abúlé wa, lẹ́bàá ìlú Kénà ní Òkè

Ìyá kú lọ́jọ́ kẹfà. Wọ́n ti sin Ìyá kí n tó dé.

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Wagida, àbúrò mi obìnrin, pè mí. Fóònù mi wà nínú agolo bísíkíìtì. Tamim gbé e. Ó gbọ́ obìnrin tó ń sunkún pẹ̀lú ohùn ará Òkè, ó gbọ́ ohun tó sọ, ó pa fóònù, ó dá a padà sínú agolo. Nítorí oòrùn. Oòrùn ọ̀sán yẹn dára, Ustaz Hatem sì fẹ́ yà wá bí a ṣe ń sáré nínú ìrèké. Mo sáré. Wọ́n ní kí n ṣubú, mo ṣubú. Wọ́n ní kò dáa tó, mo dìde, mo tún ṣubú. Àwọn èèyàn ń gbé Ìyá lọ sí sàréè, èmi ń ṣubú ní Gíísà.

Ìgbà tí oòrùn wọ̀ ni Tamim tó gbé fóònù fún mi.

"Àwọn ará ilé ẹ pè. Wọ́n ní ìyá ẹ ti kú. Ṣé òótọ́ ni, àbí ìsinmi lo fẹ́ gbà? Torí ẹ̀yin ará Òkè, oṣooṣù ni ìyá yín ń kú."

Ó ń rẹ́rìn-ín. Ká ní ẹ̀rín ìkà ni, ì bá sàn fún mi. Ẹ̀rín ẹni tó rò pé òun mọ̀ mí dáadáa ni.

Aṣọ ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n fi sin Ìyá. Tiwọn wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ní Káírò. Tamim, wàá san án. Mi ò tíì mọ bí wàá ṣe san án, ṣùgbọ́n wàá san án.

Ọjọ́ kejìlá

Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n tò sí ẹnu ọ̀nà abúlé pákó láti kí mi, Tamim ló wà níwájú. Ó na ọwọ́ sí mi.

"Pẹ̀lẹ́ o, Shazli. Kí Ọlọ́run fi ìyókù ẹ̀mí wọn kún tìẹ."

Mo ki ọwọ́ mi bọ àpò. Mi ò gbèrò ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó kàn jáde lẹ́nu mi ni, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Mi ò gba ìbánikẹ́dùn."

Ẹnì kankan ò tún na ọwọ́. Àwọn fúnra wọn ló kọ ọ̀rọ̀ yẹn sínú eré, àwọn ló ń tún un yà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ní láti túmọ̀ ẹ̀ fún wọn. Mo rí bí ojú Tamim ṣe funfun. Kí Ọlọ́run foríjì mí, ó dùn mọ́ mi bí omi tútù nínú oòrùn. Wọ́n ti rán aṣọ apààyàn yìí fún mi láti ọdún gbọ́nhan. Èmi kàn wọ̀ ọ́ ni.

Ọjọ́ kẹtàlá

Tamim ò sọ ẹ̀fẹ̀ kankan láàárọ̀ yìí.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo kó ìrèké bọ̀ láti ilé, mo sì mú ọ̀bẹ Bàbá tí wọ́n fi ń bó o. Mo gbé àpótí síbi tí Tamim gbọ́dọ̀ gbà kọjá, mo jókòó, mo ń bó ìrèké. Mi ò sọ nǹkan kan. Ó kọ́kọ́ dúró, ó wo ẹ̀yìn bóyá ọ̀nà mìíràn wà. Kò sí.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n."

Ẹ! Látọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, "ìwọ" ni mò ń jẹ́. Ọ̀bẹ ìrèké ti sọ mí di àgbà.

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Àdúgbò wo lò ń gbé ná?"

"Kí... kí lẹ fẹ́ fi ṣe, ẹ̀gbọ́n?"

"Mo kàn béèrè ni. Ṣé ìsàlẹ̀ ni àbí lórí òkè?"

Ó ní Sarwat ń pe òun. Sarwat ò tíì dé.

Ustaz Hatem ló wá bà á jẹ́. Ó ń kọjá, ó rí mi, ó kígbe: "Ojú yẹn, Shazli! Má jẹ́ kó kúrò! Ẹ gbé kámẹ́rà wá!" Ìyá mi kú, òun rí nǹkan tó máa yà níbẹ̀. Ó dáa, tiẹ̀ náà wà lọ́kàn mi. Díẹ̀díẹ̀ leku ń jẹ awọ.

Ọjọ́ kọkàndínlógún

Màdáámù Inaam fà mí lọ sẹ́yìn àwọn aṣọ tó so rọ̀.

"Shazli, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa pa ọmọ yìí ni?"

"Ẹ̀yin náà, Màdáámù?"

"Mo kàn ń béèrè ni. Ó ti kó lọ sílé àwọn àna ẹ̀. Ó ní ọkùnrin kan dúró lábẹ́ fèrèsé òun lánàá."

"Irú ọkùnrin wo?"

"Ó ní ó wọ jalabíà."

"Ìdajì Káírò ló ń wọ jalabíà."

"Ohun témi náà sọ fún un nìyẹn. Kò gbọ́. Ó ní òun mọ bí ẹ̀yin ará Òkè ṣe ń dúró."

Ẹ̀rín fẹ́ gbọ̀n mí ṣubú. "Màdáámù, adìẹ gan-an mi ò lè pa. Wagida ló ń bá mi pa á. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún un o."

Ó wò mí títí. "Ìkà ni yín."

"Mo ti ń kọ́ ọ. Àwọn ni tíṣà mi."

Ọjọ́ kọkànlélógún

Ìjì eruku, a ò ṣiṣẹ́. Tòmátò ti di nǹkan àwọn olówó. Mo yọ aṣọ Ìyá síta, mo gbóòórùn ẹ̀, mo ká a padà. Mo ti pinnu pé inú àpò mi ni á máa wà báyìí. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ò dáa fún un.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Mo ti mọ̀ pé Tamim máa ṣe nǹkan kan, àmọ́ mi ò mọ̀ pé inú ìwé eré ló ti máa lọ wá a.

Ní òpin eré wa, ẹlẹ́ṣẹ̀ bọ́ bàtà, ó gbé aṣọ ìsìnkú ara ẹ̀ lé ọwọ́ méjèèjì, ó sì rìn lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ṣẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́, wọ́n á pa á. Tí wọ́n bá gba aṣọ náà, ìjà ti parí. Ìyẹn náà wà lọ́dọ̀ wa lóòótọ́. Lọ́sàn-án òní, gbogbo wa wà lójúde abúlé pákó, Tamim yọ láti ẹ̀yìn ilé pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, aṣọ funfun wà lọ́wọ́ ẹ̀. Inú yàrá aṣọ eré ló ti mú un. Ọ̀dà pupa ṣì wà lára ẹ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti yìnbọn pa Apààyàn Kìíní.

Ó kúnlẹ̀ níwájú mi. "Ẹ̀gbọ́n Shazli, ẹ̀mí mi rèé lọ́wọ́ yín."

Mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Mo fẹ́ gba aṣọ náà, kí n fun imú sí i, kí n dá a padà fún un lójú gbogbo èèyàn. Ni mo bá gbójú sókè. Iná pupa kámẹ́rà ń tàn. Ustaz Hatem ń juwọ́ sí mi pé kí n máa bá a lọ, ẹnu ẹ̀ ti ya dé etí.

Ìbínú tí mo ti ń fi ṣeré láti ọjọ́ yìí wá, ó di òótọ́ lójijì. Mo wọlé, mo mú àpò mi jáde. Mo ju aṣọ ọlọ́dà yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo gbé aṣọ Ìyá lé e lọ́wọ́.

"Ti eré nìyẹn. Èyí lo máa gbé. Wàá gbé e lọ bá àbúrò mi, òun lo gbé fóònù ẹ̀ tí o sì pa á."

"Ní Kénà?"

"Ọkọ̀ ojú irin á gbéra láàárọ̀ ọ̀la. Tá a bá dé abúlé, wàá bọ́ bàtà."

Ustaz Hatem pariwo pé iṣẹ́ ń bẹ nílẹ̀, pé ta ló máa wá di agolo fóònù mú.

"Ẹ̀yin," mo ní.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Abúlé wa

Kò fẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀. Ó gbé aṣọ náà lé itan bí ẹni gbé ẹyin. Láti ìdí ọkọ̀ dé ilé wa, òkúta ló kún ọ̀nà, ó sì fi ẹsẹ̀ lásán rìn ín. Mi ò bá a dín ìrìn kù.

Àwọn ará abúlé jáde ń wò ó. Bàbá Bekhit tó ń gbé nítòsí wa dá wa dúró, ó fọwọ́ kan aṣọ.

"Aṣọ dáadáa. Èló ni mítà kan?"

"Kì í tà á, Bàbá. Ó wá tọrọ ìdáríjì ni."

"Pẹ̀lú aṣọ?" Ó ronú. "Áà! Bíi tinú tẹlifíṣọ̀n! Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n pe ìyàwó mi, kò tíì rí i rí lójú ayé."

Kò sẹ́ni tó ṣe é rí ní abúlé wa. Àwọn tí wọ́n ń ṣe é, ibi tí wọ́n wà jìnnà. Ṣùgbọ́n ta ló bi wá?

Wagida jókòó sójúde pẹ̀lú àwọn obìnrin tó wá kí i, kọfí wà nílẹ̀. Tamim kúnlẹ̀. Wagida wo ẹsẹ̀ ẹ̀ tó ti ń ṣẹ̀jẹ̀, ó wá wo ojú ẹ̀.

"Ìwọ lo gbé fóònù?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n."

"Kí ni mo sọ fún ẹ?"

"Ẹ ní... ẹ ní ìyá yín ti kú."

"Ìyẹn ni ìpè kejì. Mo ti pè láàárọ̀. Kí ni mo sọ láàárọ̀?"

Tamim wo ilẹ̀. Mo wo Wagida. Ìpè àárọ̀ wo?

"Sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì gbọ́."

"Ẹ ní kí n gbé fóònù fún wọn. Ẹ ní ìyá yín fẹ́ gbọ́ ohùn wọn. Ẹ ní wọ́n ń béèrè bóyá aṣọ àwọn ti ń bọ̀ lọ́nà."

"O wá ní kí ni?"

"Mo ní... mo ní iṣẹ́ là ń ṣe. Pé kẹ́ ẹ pè nírọ̀lẹ́."

Wagida ti fi í pamọ́ fún mi kí n má baà kú tọ Ìyá lọ. Ìyá ṣì wà láyé láàárọ̀ yẹn. Wọ́n ń sọ̀rọ̀. Mo wà lẹ́bàá agolo bísíkíìtì yẹn, mò ń mu tíì.

Ọ̀bẹ Bàbá wà nínú àpò jalabíà mi. Ọwọ́ mi ti wà lára ẹ̀ kí n tó mọ̀. Gbogbo ọdún tí mo ti ń ṣe apààyàn, wọ́n á ní kí n la ojú, kí n payín keke. Irọ́ gbáà ni. Ara á kàn tutù ni, etí á sì di. Mo fẹ́ pa á. Mo kọ ọ́ síbí bó ṣe rí: mo fẹ́ pa á, mo sì mọ̀ pé inú gbogbo Káírò á dùn pé àwọn ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Ṣé Wagida rí ọwọ́ mi ni? Mi ò bi í. Ó dìde, ó gba aṣọ náà lọ́wọ́ Tamim.

"Dìde dúró."

Tamim dìde. Wagida tú aṣọ náà, ó fi etí kan lé e lórí, ó jẹ́ kó wálẹ̀. Ojúgun ló mọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ wọn ibi tó kù, bí aránṣọ.

"Ẹ wò ó, ẹ̀gbọ́n mi. Ó kúrú fún un. Ẹsẹ̀ ẹ̀ máa yọ síta." Ó yíjú sí Tamim. "Aṣọ ìyá mi ò gbà ẹ́. Máa lọ sílé."

Obìnrin kan fi ìborùn bo ẹnu. Òmíràn ò lè pa á mọ́ra. Kò pẹ́, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín nílé ọ̀fọ̀, ọkùnrin gíga náà dúró láàárín wọn, aṣọ òkú kékeré lórí ẹ̀, ó ń sunkún. Mo yọ ọwọ́ mi kúrò nínú àpò. Mi ò dárí jì í. Mi ò sì ní dárí jì í.

Wagida ká aṣọ náà, ó ní ó ti di tòun, pé òun àti Ìyá ga bákan náà. Ó bu kọfí fún gbogbo èèyàn. Ó fo Tamim.

Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹta

Mo ti gòkè. Ustaz Hatem ti sọ mí di Apààyàn Kìíní. Wọ́n ní àwọn máa jí apààyàn tó ti kú yẹn dìde nínú eré pẹ̀lú ojú tèmi, pé wọn ò pa á dáadáa. Mo ní mo gbà, tí wọ́n bá lè gba ohun kan: tí fóònù mi bá dún, kí Tamim gbé e sáré tọ̀ mí wá, kámẹ́rà ì báà máa ṣiṣẹ́. Ustaz Hatem fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú mi, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọjọ́ karùn-ún

Sarwat ń sunkún lórí sàréè ẹ̀gbọ́n ẹ̀, gbogbo wa dákẹ́, omijé gidi ti ń bọ̀. "Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀gbọ́n Shazli! Fóònù yín!" Tamim já wọ àárín wa, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ilé iṣẹ́ fóònù ló ń polówó. Mo tẹ́tí sí ìpolówó náà títí dé òpin. Sarwat ò rí omijé kankan mọ́ títí a fi lọ sílé.

Ọjọ́ kẹjọ

Ààwẹ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà. Ìran kan ṣoṣo ló kù, nínú oko ìrèké, oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì ni wọ́n fẹ́ fún un. Ustaz Hatem ní tí a bá pàdánù tòní, kò sí ọjọ́ mìíràn mọ́. Oòrùn dáa lónìí. Ó pọ́n bí epo.

Mo ti bá Wagida sọ̀rọ̀ lánàá. Bí Ustaz Hatem ṣe gbé ọwọ́ sókè pé ká bẹ̀rẹ̀, fóònù dún. Tamim sáré wọ inú ìrèké, ó ń kọsẹ̀, ó ń dìde.

"Ẹ̀gbọ́n, àbúrò yín ni."

Mo gbà á.

"Wagida."

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ṣé kò sí?"

"Kò sí o. Ẹ̀yin lẹ ní kí n pè."

"Má pa á."

Kò ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ, èmi náà ò ní. Mò ń gbọ́ mímí ẹ̀. Mò ń gbọ́ àwọn adìẹ Ìyá lẹ́yìn ẹ̀, tí wọ́n ń wọlé lọ sùn. Ustaz Hatem ń kígbe pé oòrùn ń lọ, oòrùn ń lọ. Mo gbé ìka kan sókè sí i pé kó ní sùúrù. Tamim dúró tì mí, kò lè lọ, kò lè jókòó, ó ń wo oòrùn. Èmi òun ni mò ń wò. Mi ò gbé fóònù kúrò létí títí ilẹ̀ fi ṣú.